Ọ̀gá Kò Lè Wúkọ́

Nígbà tí aránbàtà náà kọ́kọ́ gbọ́ ohùn yẹn, ó rò pé bàtà tó wà lọ́wọ́ òun ló ń dún. Awọ tuntun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ènìyàn bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìtẹ́lẹ̀. Ó gbé bàtà náà sílẹ̀, ó dákẹ́, ṣùgbọ́n ohùn náà kò dákẹ́. Ó ń ta pó, pó, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi èékánná ta ike. Inú àgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìjókòó rẹ̀ ló ti ń wá.

Ó dìde, ó lọ wò ó. Ọ̀gà ló wà nínú àgò náà, alágẹmọ tó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ díẹ̀, ó dì mọ́ ẹ̀ka igi tí wọ́n fi dábùú àgò láti ìhà kan dé ìkejì. Ó gbé orí sókè bí ẹni tó ń wá nǹkan lájà. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Bó bá ti mí sínú báyìí, ohùn yẹn á tún ta.

"Ọ̀gá, kí ló dé?" ni ó bi í.

Ọ̀gá ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ aránbàtà yìí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ènìyàn bá ti gbé ìparí orúkọ ọ̀gà sókè díẹ̀, ó ti di ọ̀gá nìyẹn, àti pé ẹran tó lè wo iwájú wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà láìyí ọrùn, kí ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe ọ̀gá? Àwọn oníbàárà fẹ́ràn àwàdà náà. Bí wọ́n bá ti yọjú, wọn á ní, "Jẹ́jẹ́, ṣé ọ̀gá yín wà ńlé?" Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe aránbàtà fúnra rẹ̀, torí bó ti wù kí ènìyàn kánjú tó, kì í fi eré rán bàtà. Ìyá Télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀, máa ń sọ pé nínú àwọn méjèèjì tó ń gbé ilé yẹn, òun kò tíì mọ èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́ jù.

Ohun tí àwọn oníbàárà kò mọ̀ ni pé ẹran kékeré yẹn nìkan ló ṣẹ́kù tó so bàbá àti ọmọ pọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin, ni aránbàtà àti ìyàwó rẹ̀ bí. Ìyàwó yìí kì í ṣe ìyàwó ilé lásán, òun ló ń gé awọ, òun ló ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìtẹ́lẹ̀, ọkọ rẹ̀ á sì rán an. Orí àpótí méjì tó kọjú síra ni wọ́n jókòó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kanra. Ọmọ wọn lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú kan tó jìnnà. Nígbà tó ku díẹ̀ kó jáde, ó gbé ọ̀gà rẹ̀ wálé ní àkókò ìsinmi, ó ní kí àwọn òbí òun bá òun mójú tó o kí òun lè ráyè kàwé. Kò pẹ́ lẹ́yìn tó padà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá rẹ̀ jà.

Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ bí eré. Wọ́n lo oògùn tí gbogbo ènìyàn ń lò, kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìwòsàn, ẹ̀dọ̀fóró obìnrin náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Dókítà pe ọkọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ òótọ́ fún un. Bí ọmọ bá pè lórí fóònù, ìyá á fi etí aṣọ dí ẹnu títí ikọ́ á fi kọjá, á wá sọ pé oúnjẹ ló há òun lọ́fun.

"Má sọ fún un o," ni obìnrin náà wí fún ọkọ rẹ̀. "Jẹ́ kó ṣe ìdánwò rẹ̀ tán ná. Bó bá gbọ́, á fi ìwé sílẹ̀ sáré wá jókòó tì mí, kí ló sì fẹ́ ṣe sí i?"

Ọkọ gbà fún un. Ṣùgbọ́n ikú kò bá wọn dúró de ìdánwò. Pósí ni ọmọ bá nílé.

Ọmọ náà kò pariwo. Ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ìgbà tí àlejò túká tán ló wá dúró níwájú bàbá rẹ̀, ó ní, "Ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀ pé ó ń kú lọ, ẹ ò sì pè mí." Bàbá rẹ̀ kò sọ ẹni tó ní kí òun má pè é. Ó rò ó pé kò yẹ kí òun di ẹ̀bi lé ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀ lórí. Ó kàn ní, "Má bínú, ọmọ mi." Ọmọ padà lọ sí ìlú tó jìnnà yẹn, ó gba iṣẹ́ síbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, kò sì tún wálé mọ́. Ọ̀gá nìkan ló fi sílẹ̀, nítorí onílé rẹ̀ kò gba ẹranko láyè.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, á pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù tó ń gbé àwòrán wá.

"Ẹ kú àárọ̀ sà. Ọ̀gá ńkọ́?"

Bàbá á kọ ojú fóònù sí àgò. Àwọn méjèèjì á jọ máa wo ọ̀gà. Bàbá á sọ pé ó jẹ ìrẹ̀ mẹ́rin lánàá, pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ awọ tán, pé ó ń bínú sí bàtà pupa kan tó wà lórí pẹpẹ. Nígbà mìíràn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Bó bá ti wò ó tẹ́rùn, á ní, "Ó dàbọ̀ sà," á sì lọ. Kì í béèrè pé báwo ni bàbá fúnra rẹ̀ ṣe wà. Ojú fóònù kì í yí sọ́dọ̀ rẹ̀ rárá. Síbẹ̀ aránbàtà kò jẹ́ jí ní Sátidé kó má fá irùngbọ̀n.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni àgò máa ń wà tẹ́lẹ̀, níbi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti ń dé. Lọ́dún yìí òjò kò dá. Òtútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí awọ tí wọ́n sá kò gbẹ. Àánú ọ̀gà ṣe aránbàtà. Ó gbé àgò wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e ka orí àpótí tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó lé, ó fi ọ̀rá nínípọn bo àwọ̀n rẹ̀ yí ká kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí i, ó sì ń wọ́n omi sí ewé inú rẹ̀ bí ọmọ ṣe kọ́ ọ. Ó tì fèrèsé. Inú rẹ̀ dùn pé òun tún ti rí ẹni bá òun jókòó.

Lẹ́yìn ọjọ́ tó gbọ́ ohùn yẹn, ọ̀gà kò fẹ́ jẹun mọ́. Ìrẹ̀ á rìn kọjá níwájú rẹ̀, kò ní nahọ́n sí i. Àwọ̀ ewé tó máa ń ní di dúdú bí èédú tí omi pa. Ó ń di ojú ní ọ̀sán gangan. Ìyá Télọ̀ yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó wò ó títí.

"Ṣé òun náà ń ṣàìsàn ni? Mo rò pé gbogbo àìsàn tiwọn kò ju kí àwọ̀ yí lọ."

"Òtútù ló mú un," ni aránbàtà wí.

"Ẹ ti sọ fún ọmọ yín?"

"Á yá. Kí n tó sọ fún un, á ti yá."

Nígbà tí Sátidé dé, ó dúró títí ọ̀gà fi la ojú kó tó gbé fóònù. Ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ti dára ló kọ ọ́ sí, ó sì ń sọ̀rọ̀ ṣáá kí ọmọ má baà gbọ́ ohùn tó ń ta.

"Kí ló dé tó dúdú báyẹn?" ni ọmọ béèrè.

"Òjò ni. Ilé ṣókùnkùn díẹ̀."

Ọmọ tún wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dàbọ̀ sà."

Aránbàtà jókòó, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ohùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu òun jáde yẹn. Ohùn tó fi ń sọ fún ọmọ yìí kan náà nígbà kan rí pé ìyá rẹ̀ wà lọ́jà ni.

Ní ọjọ́ Ajé ó gbé ọ̀gà sínú páálí bàtà tó dá ihò sí, ó tẹ́ aṣọ sí i, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ajá ló pọ̀ níbẹ̀. Obìnrin kan tó gbé ológbò lé itan bi í pé kí ló wà nínú páálí náà, bó sì ṣe fi hàn án, ó sún lọ sí ìkangun bẹ́ǹṣì.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà. Kò bẹ̀rù. Ó jẹ́ kí ọ̀gà rìn gun ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ etí, ó gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó fi igi pẹlẹbẹ la ẹnu rẹ̀. Itọ́ tó ki, tó ń hó bí omi ọṣẹ, wà lẹ́bàá ahọ́n rẹ̀, òmíràn sì ń yọ níhò imú.

"Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni, bàbá," ni dókítà wí. "Kòkòrò àìsàn ti wọ ibẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe ń gbé orí sókè, ó ń wá ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ máa gbà ni."

"Kò wúkọ́ rárá," ni aránbàtà wí. "Bó bá wúkọ́ ni, mi ò bá ti mọ̀."

"Kò lè wúkọ́. Àyà tirẹ̀ kò rí bíi tiwa. Bí ikun bá kún àyà èmi àti ẹ̀yin, a máa wú u jáde. Òun kò lágbára ìyẹn, inú ló ń dúró sí. Ẹran yìí tún máa ń fi àìsàn pamọ́. Nínú igbó, èyí tó bá fi hàn pé ara òun kò yá, wọ́n á pa á jẹ. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí i lójú rẹ̀, ó ti pẹ́ lára rẹ̀."

Ó bi í ibi tí ọ̀gà ń gbé. Aránbàtà sọ gbogbo rẹ̀, òtútù, ọ̀rá tó fi bo àgò, omi tó ń wọ́n. Dókítà ń mi orí.

"Ọ̀rinrin tí kò rí afẹ́fẹ́, kò dára fún un. Ẹ ní inú ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń rán bàtà."

"Ṣé ẹ̀ ń lo gọ́ọ̀mù?"

"Lójoojúmọ́ ni."

"Tí fèrèsé wà ní títì?"

Aránbàtà tẹ orí ba. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, níbi tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ sí àárín ìka, tí kì í ṣí bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó. Dókítà rò pé kò gbọ́.

"Òórùn rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, bàbá. Ẹran kékeré kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n."

"Ènìyàn ńkọ́?" ni ó béèrè.

"Ẹ̀yin náà ní láti máa ṣí fèrèsé."

"Kì í ṣe èmi," ni ó wí.

Dókítà gún ọ̀gà lábẹ́rẹ́, ó fún aránbàtà ní èyí tí wọ́n á máa gún lójoojúmọ́, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní kó sá a sí oòrùn òwúrọ̀, kó ká ọ̀rá kúrò, kó máa kán omi sí i lẹ́nu. Ó ní òun kò fẹ́ pa irọ́, àìsàn náà ti wọra. Ìgbà tó ń dé páálí padà ló béèrè pé, "Ẹ̀yin lẹ ni ín?"

"Ọmọ mi ló ni ín."

"Ṣé ó mọ̀?"

Àgbàlá ilé ìwòsàn ẹranko yẹn ni aránbàtà jókòó sí, lábẹ́ igi kan, páálí wà lórí itan rẹ̀, nígbà tó pe ọmọ rẹ̀. Kò pè é rí láti ọjọ́ ìsìnkú, ọmọ ló máa ń pè. Kíá ni ó gbé e.

"Sà? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń ka ìwé pa pọ̀ bí ẹni ń kọrin. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ó mọ̀ pé bí òun bá dánu dúró, òun kò ní lè sọ ìyókù. Ó ní Ọ̀gá ń ṣàìsàn. Ó ní òun rí i ní Sátidé, òun sì fi pamọ́. Ó ní ọwọ́ òun ni àìsàn náà ti wá. Ó ní ó ṣeé ṣe kó kú.

Àwọn ọmọ náà ka ojú ìwé yẹn tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

"Mò ń bọ̀," ni ọmọ rẹ̀ wí.

Ọjọ́ kejì ló dé, oòrùn ti ń yí sẹ́yìn. Ó ti rù díẹ̀. Bàbá rẹ̀ rí i pé ó ń rìn bí ìyá rẹ̀, kò sì mọ ibi tí òun máa gbé ojú sí. Ọmọ kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ, kò pẹ́ níbẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí àgò wà. Ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó na ọwọ́. Ọ̀gà fi ojú kan wò ó. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó mì í síwájú mì í sẹ́yìn bí ìṣe rẹ̀, ó gùn ún.

"O ti rí mi," ni ọmọ náà wí fún un. "O mọ̀ mí."

Wọ́n jọ ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Bàbá ló ń gún abẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ọmọ ló ń dì í mú. Wọ́n jọ jókòó sí oòrùn. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ ọ̀gà nìkan ni wọ́n ń sọ, bíi ti orí fóònù, àfi pé kò sí "Ó dàbọ̀ sà" tó máa parí rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè.

"Nítorí ọ̀gà, ẹ pè mí."

"Mo pè ọ́."

"Nítorí ìyá mi, ẹ ò pè mí."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Kò sí ariwo nínú rẹ̀ rárá, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dun bàbá wọ egungun. Ó ti pinnu láti ọjọ́ ìsìnkú pé òun kò ní sọ ọ́. Ó sọ ọ́.

"Ìyá rẹ ló ní kí n má sọ fún ọ. Ó ní kí o ṣe ìdánwò tán."

Ọmọ náà yí ojú sí i nígbà yìí. "Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni."

"Ẹ sì gbà fún un."

"Mo gbà fún un."

Ó ti rò pé bí òun bá sọ ọ́, ẹrù kan máa sọ̀ kalẹ̀. Kò sí èyí tó sọ̀. Ó wá rí i pé òótọ́ lọmọ sọ, ìyá lè bẹ̀bẹ̀, ọkọ kò ní dandan láti gbà. Ẹnu rẹ̀ tún ṣí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti gọ́ọ̀mù, pé dókítà béèrè nípa fèrèsé, pé àpótí tí òun gbé ọ̀gà kà, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń jókòó sí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ọmọ náà gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má gbé ìyẹn lé mi lọ́wọ́, bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti tó mi."

Bàbá mú ike omi, ó kán díẹ̀ sí ọ̀gà lẹ́nu.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ọ̀gà kú, lórí apá ọmọ náà, nínú oòrùn. Wọn kò mọ ìgbà tó kú gan-an. Ẹran tó jẹ́ pé jẹ́jẹ́ ló fi ń ṣe ohun gbogbo, jẹ́jẹ́ náà ló fi lọ. Ohùn tó ń ta yẹn ni wọn kò gbọ́ mọ́. Bàbá kọ́kọ́ rò pé abẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́, ó fẹ́ sọ ọ́, ó wá rí i pé àwọ̀ dúdú náà ń ṣí kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń funfun láti ìrù wá. Ẹsẹ̀ tó fi dì mọ́ aṣọ ọmọ náà tú.

Ọmọ náà kò gbé apá kúrò. Ó jókòó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Màámi," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún tí kò sun níbi pósí, tí gbogbo ẹbí fi ń sọ pé ọmọ náà lọ́kàn ọkùnrin. Ó ń sun ún lọ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá Télọ̀ gbọ́, ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Aránbàtà kò mọ̀ bóyá òun ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ kàn án níkẹyìn, lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì. Kò yẹ̀ ẹ́. Kò sì fara tì í.

Wọ́n sin ọ̀gà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ní òwúrọ̀, ọmọ di ẹrù rẹ̀. Bàbá sìn ín dé ibùdókọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ó ní, "Ní Sátidé..." kò sì mọ bó ṣe máa parí rẹ̀.

"Kò sí ẹni tí a máa wò mọ́, sà," ni ọmọ wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn sọ bó ṣe rí.

"Èmi ń bẹ níbẹ̀," ni bàbá wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré, ọkọ̀ sì ti ń dún. Kò mọ̀ bóyá ọmọ gbọ́.

Sátidé dé, fóònù kò dún. Èyí tó tẹ̀ lé e náà lọ bẹ́ẹ̀. Aránbàtà gbé ìkòkò gọ́ọ̀mù àti àwọn ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ jáde sí abẹ́ òrùlé lóde, ibẹ̀ ló ti ń lẹ bàtà, bí òjò bá ń rọ̀, á dá iṣẹ́ dúró. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé Jẹ́jẹ́ tún ti falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, òun ló pe ọmọ rẹ̀. Ó gbé e. Wọ́n kí ara wọn. Bàbá sọ pé òun ti ń ṣiṣẹ́ níta báyìí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ọmọ wí. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n sọ.

Ọmọ náà máa ń pè nígbà mìíràn báyìí. Kì í ṣe ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì ní ọjọ́. Àárín ìpè kan sí òmíràn lè jìn tó bẹ́ẹ̀ tí aránbàtà á fi gbà pé ó ti tán nìyẹn. Kì í gbé àwòrán wá mọ́, ohùn lásán ni. Ìgbà tó pè kẹ́yìn, òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, olúkúlùkù sì ń gbọ́ tẹnìkejì nínú fóònù. Wọ́n jọ gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ọmọ ní òun fẹ́ lọ dáná. Bàbá ní kó máa lọ.